Òjò dín kù, omi kànga ń gòkè: ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀ Nìjẹ̀r

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé bí òjò bá dín kù, kànga a máa gbẹ. Nígbà tí ọ̀dá ńlá mú ilẹ̀ Sahel láàárín ọdún 1970 sí 1990, ohun tí a lè retí nìyẹn ní agbègbè Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ wọn kànga, tí wọ́n sì fi í wé àkọsílẹ̀ àtijọ́, wọ́n rí i pé omi abẹ́ ilẹ̀ ń gòkè ni. Láàárín ọdún 1963 sí 2007, ó gòkè ní nǹkan bí mítà 4.

Ẹni tó ń kánjú lè sọ pé irọ́ ni ọ̀dá náà, tàbí pé ẹni tó wọn kànga ló ṣìṣe. Ìwádìí sáyẹ́ǹsì kò gba ìkánjú. A óò kọ́kọ́ tún ìwọ̀n náà yẹ̀ wò. Bí ó bá dúró, a óò dá àbá nípa ohun tó fà á. Lẹ́yìn náà, a óò wá ibi tí àbá náà ti lè ṣubú.

Àbá àwọn onímọ̀ ni pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú ọ̀ràn náà. Bí ènìyàn ti ń pọ̀ sí i, wọ́n ṣán igbó, wọ́n gé igi ìdáná, wọ́n sì gbin jéró. Òjò lu ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dì. Omi kò ráyè wọlé mọ́. Ó di ọ̀gbàrá, ó ń ṣàn lọ sínú ọ̀gọ̀dọ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń rìn lọ sí abẹ́ ilẹ̀.

Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, ó ní àmì tí a gbọ́dọ̀ rí. Kànga tó súnmọ́ ọ̀gọ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ gòkè ní àkókò òjò ju èyí tó jìnnà lọ. Àwòrán tí a yà láti òfurufú gbọ́dọ̀ fi hàn pé oko ń gba ipò igbó. Omi òjò ọdún àìpẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú omi kànga. Wọ́n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbè àbá náà.

Èyí kò sọ ọ̀dá di ìbùkún. Ọ̀gbàrá kan náà tó ń bọ́ kànga ló ń wọ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí Odò Ọya kún àkúnya, bí ó ti bo àwọn àdúgbò Niamey ní ọdún 2012 àti 2020.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè gbé ìdáhùn Nìjẹ̀r wá sí Bẹ̀nẹ̀ láìdán an wò. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí AMMA-CATCH fi ń wọn òjò, odò àti kànga ní Mali, ní Nìjẹ̀r, àti ní apá òkè odò Ouémé, ní agbègbè Djougou. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti Niamey lọ, ilẹ̀ àti igi ibẹ̀ sì yàtọ̀. Kí àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń ṣán igbó má ṣe retí pé kànga òun náà yóò kún: ilẹ̀ tirẹ̀ ni a óò wọ̀n kí a tó mọ̀.