Ọmọbìnrin Tí Ó Ń Sá fún Ìyìn

Bí ẹnìkan bá sọ fún wa pé ọmọdé kan wà tí ó mọ eré ṣe ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù nítorí pé ẹ̀rù ń bà á láti dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ, àlọ́ ni àwa yóò pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àlọ́ rárá. Ọmọ náà ni Annika Sörenstam, ará orílẹ̀-èdè Swídìn, ẹni tí a bí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 1970, tí ó sì dàgbà ní Bro, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Stockholm.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù yé ara wa, nítorí kì í ṣe gbogbo òǹkàwé ni ó ti tẹ pápá rẹ̀ rí. Ihò 18 ni ó wà lórí pápá náà. Ọ̀pá ni a fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan títí yóò fi bọ́ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹni tí iye ìgbà tí ó gbá a bá sì kéré jù lọ ni ó borí. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ pápá, ìgbà 72 ni a retí pé kí ògbóǹtagí gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó parí gbogbo ihò náà.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Annika nígbà tí ó mú eré yìí ní òkúnkúndùn. Àpò ọ̀pá kan ṣoṣo ni òun àti Charlotta àbúrò rẹ̀ jọ ní. Nọ́ńbà ni ó máa ń wà lára àwọn ọ̀pá náà: ẹ̀gbọ́n mú àwọn tí nọ́ńbà wọn kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba, àbúrò mú àwọn tí ó ṣe é pín. Ẹni tí ó bá ń dúró kí ohun èlò pé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ó rántí àpò yìí. Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó ní kí bàbá òun wá fi ọkọ̀ gbé òun kúrò ní pápá. Bí wọ́n ti ń lọ, bàbá rí i pé àwọn ọmọ mìíràn ṣì wà nínú òjò tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú sí àṣeyọrí. Bàbá náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwa ń wí nígbà tí a bá ní kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rù. Ẹni tí ó bá borí nínú ìdíje àwọn ọmọdé ni a máa ń ní kí ó bá àwọn èrò sọ̀rọ̀. Annika a máa wà níwájú títí yóò fi kù díẹ̀ kí eré parí, nígbà náà ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ tàsé bọ́ọ̀lù tí ó wà lẹ́bàá ihò, kí ẹlòmíràn lè gba ipò kìn-ín-ní. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ fura. Ẹgba kọ́ ni wọ́n fà yọ. Òfin titun ni wọ́n ṣe, pé ẹni tí ó bá ṣe ipò kejì pẹ̀lú yóò sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ro ó wò, ó rí i pé bí ọ̀rọ̀ sísọ kò bá ṣe é sá fún mọ́, ó sàn kí òun kúkú gba ife ẹ̀yẹ lé e. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ wo bí òfin kékeré kan ti ṣe ohun tí èébú kò lè ṣe.

Olùkọ́ mìíràn tí ó yẹ kí a dárúkọ ni Pia Nilsson, tí ó kọ́ àwọn ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Swídìn. Èrò obìnrin yìí ni pé bí ènìyàn bá ti lè fi ìgbà kan dín iye tí a retí kù ní ihò yìí lónìí, ní ihò yẹn lọ́la, kí ni ó dè é tí kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ihò 18 ní ọjọ́ kan? Ẹ yọ 18 kúrò nínú 72, ó ku 54. Èyí ni ó fi sí ọkàn àwọn ọmọ.

Annika lọ sí Yunifásítì Arizona, níbi tí ó ti di ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àwọn obìnrin yunifásítì ibẹ̀, ní 1991. Ó gba ìdíje ńlá U.S. Women's Open ní 1995, ó tún un gbà ní 1996. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta ọdún 2001, ní Phoenix, tòun ti Charlotta nínú ọ̀wọ́ kan náà, ó gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 59. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gbá a tí kò tó 60 nínú ìdíje ẹgbẹ́ LPGA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ihò 13 ni ó ti dín ẹyọ kan kù: ó ku ihò márùn-ún péré kí ó dé 54 olùkọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún ọdún 2003, wọ́n pè é wá bá àwọn ọkùnrin díje ní Colonial, ní Fort Worth, Texas. Láti 1945 tí Babe Didrikson Zaharias ti ṣe é, obìnrin kankan kò tún dán an wò. Ariwo sọ. Àwọn mìíràn nínú àwọn ọkùnrin tí ń ṣe iṣẹ́ náà sọ ọ́ gbangba pé kò ní ohun tí ó wá ṣe níbẹ̀. Ẹ wá wo ọmọ tí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta níwájú àwọn ará àdúgbò, tí gbogbo ayé ń wò lójú kòrókòró! Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Nígbà tí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fò lọ tààrà, ó ṣe bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ fẹ́ yẹ̀, àwọn èrò sì hó yèè. Ìgbà 70 ni a retí lórí pápá náà. Ó gbá 71 ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó gbá 74 ní ọjọ́ kejì. Ìgbà mẹ́rin ni ó fi kùnà láti bá wọn dé ọjọ́ kẹta. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ bí ó ti ń dágbére.

Àwọn ẹlẹ́gàn ní a ti wí bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, n kò rí ìtìjú kankan níbẹ̀; ẹni tí ó lè fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí a kà á ní gbangba ti kúrò ní ẹni tí ń fi ara pamọ́ sí ipò kejì. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ó gba LPGA Championship. Ní oṣù kẹjọ ó gba Women's British Open ní Royal Lytham, nílẹ̀ England, èyí tí ó mú kí ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí àwọn obìnrin ń lé nígbà náà pé sí i lọ́wọ́. Ní oṣù kẹwàá wọ́n gbà á sínú World Golf Hall of Fame, ó sì dìde, ó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí 2008, ó ti borí nínú ìdíje LPGA ní ìgbà 72, iye kan náà tí a ń retí lórí pápá. Mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ ìdíje ńlá. Ìgbà mẹ́ta ni ó borí ní ọdún náà gan-an, nítorí náà kì í ṣe àárẹ̀ ni ó lé e lọ. Ó fẹ́ bímọ, ó sì bí obìnrin kan àti ọkùnrin kan.

Ní 2021, òun àti Henrik Stenson, ọmọ Swídìn bí tirẹ̀, ni wọ́n fi orúkọ wọn ṣe agbátẹrù ìdíje kan nílé, níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti jọ lé ife ẹ̀yẹ kan ṣoṣo. Wọ́n kàn fún àwọn obìnrin ní ibi ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sún mọ́ ihò díẹ̀. Ní 2022, ní Halmstad, obìnrin Swídìn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Linn Grant fi ìgbà mẹ́sàn-án borí gbogbo wọn. Stenson wà lára àwọn tí ó ṣe ipò kejì.