Bí Tíátà Ṣe Wọ Akúrẹ́ àti Oǹdó

Kí ìjọba tó kọ́ ilé kankan fún eré orí ìtàgé ní Akúrẹ́ ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń sanwó wo tíátà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Oǹdó. Gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n ń lò, tàbí yàrá ńlá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, nígbà mìíràn àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn òṣèré fúnra wọn ló ń gbé aṣọ ìkélé wá, àwọn náà ló ń gbé jẹnẹrétọ̀ wá, wọ́n á sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa kò mọ eré tẹ́lẹ̀ o. Ẹni tó bá ti wo ọdún Ògún rí ní Oǹdó, tó rí bí wọ́n ṣe ń múra lóríṣiríṣi tí wọ́n ń sín ìṣe ẹlòmíì jẹ ní títì, mọ̀ pé eré ni. Ohun tó jẹ́ tuntun ni kí èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó jókòó sójú kan, kí ìtàn kan bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀ kó sì parí.

Inú ìjọ nìyẹn ti wá. Hubert Ògúndé, ọlọ́pàá ọmọ Ọ̀sọsà, gbé eré kan lórí ọgbà Édẹ́nì jáde fún ìjọ Aládùúrà kan ní Glover Memorial Hall, Èkó, lóṣù kẹfà ọdún 1944. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́, tó sì kó ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́nà. Nígbà tó fi máa di ìparí ẹ̀wádún yẹn, olùkọ́ kan ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Abẹ́ ẹkùn Oǹdó tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Akúrẹ́ ni Adó wà nígbà náà.

Ìlú wa kò tóbi tó Ìbàdàn, síbẹ̀ àwọn onítíátà fẹ́ràn ọ̀nà wa. Ohun tó fà á ni kòkó. Tí àgbẹ̀ bá ti ta kòkó tán lápá ìparí ọdún, owó á kárí ìlú, látorí oníkòkó dórí alágbàṣe, télọ̀ àti ìyá olóúnjẹ. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n mọ àsìkò yẹn. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní 1955 tún fi kún un: ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i, àwọn olùkọ́ tó ń gbowó oṣù, tí wọ́n sì ń wá ibi ìgbafẹ́ lálẹ́, pọ̀ sí i.

Ọ̀sán ni wọ́n ti máa ń kéde. Lọ́rì ẹgbẹ́ á rọra máa yí ìlú ká, àwọn onílù á wà lórí rẹ̀, àwọn òṣèrébìnrin á máa jó, ẹnìkan á máa fi gbohùngbohùn pe orúkọ eré àti owó ẹnu ọ̀nà. Ó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, orin àti ijó ni wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣíde. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, kò sí ìwé tí òṣèré há sórí. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á pín ipa, ẹnu òṣèré lọ̀rọ̀ ti ń wá. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé òǹwòran lè yí eré padà. Bí orogún bá ń bu májèlé sọ́bẹ̀ lórí ìtàgé, obìnrin kan á kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Má jẹ ẹ́ o!" Níbi tí ẹ̀rín bá ti pọ̀, òṣèré á dúró síbẹ̀, á fà á gùn. Tí wọ́n bá fi máa dé ìlú kejì, àfikún náà ti di ara eré. Mo gbà pé àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó kọ eré Yorùbá.

Apá ọ̀dọ̀ wa náà, ní Ìkàrẹ́-Àkókó, ni Jímọ̀ Aliu, òun náà ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí bíi ti Ògúnmọ́lá, ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1966, lẹ́yìn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onítíátà Akin Ògúngbé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọ iṣẹ́ ológun, ó sì di 1975 kó tó kúrò níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló wá sọ ọ́ di Àwòrò fún gbogbo ayé, nínú eré *Arélù*. Ó kú ní 2020.

Àwọn kan máa ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n ló pa tíátà. N kò rò bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1959, ẹni tó sì rí aláwàdà Bàbá Sálà níbẹ̀ a tún máa fẹ́ rí i lójúkojú. Ohun tó dá àwọn ẹgbẹ́ dúró ni ìnira tó dé lẹ́yìn 1986, nígbà tí náírà já wálẹ̀, tí ẹ̀yà ara mọ́tò di ọ̀wọ́n, tí ìrìn òru sì di ohun ìbẹ̀rù. Nígbà tí fídíò Yorùbá bẹ̀rẹ̀ lápá ìparí ẹ̀wádún náà, òṣèré rí ibi tí yóò ti jẹun láìwọ lọ́rì.

Ní báyìí tí ẹgbẹ́ ti tú ká, ilé wà. Akúrẹ́ ní Adégbẹmílé Cultural Centre, ó sì ní Dome tí ìjọba Gómìnà Mimiko kọ́, ilé ńlá tí ìgbéyàwó àti àpérò ń kún. Ní Oǹdó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tíátà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Adeyemi ṣì ń gun orí ìtàgé. Àwọn ẹgbẹ́ eré ìjọ náà kò dákẹ́, irú Mount Zion tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní 1985. Àwọn gan-an ló ṣì ń gbé eré láti ìlú dé ìlú bíi ti Ògúndé, wọn kì í sì í gba owó ẹnu ọ̀nà.

Òkè-Igbó, ìlú Fágúnwà òǹkọ̀wé, kò jìnnà sí Oǹdó. Nínú ìwé *Ògbójú Ọdẹ* rẹ̀ ni Wálé Ògúnyẹmí ti yọ *Lángbòdó*, eré tí Nàìjíríà gbé síta níbi àjọ̀dún àṣà FESTAC ní Èkó ní 1977. Eré yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Adeyemi kọ́kọ́ gbé dé Akúrẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí ilẹ̀ tó ṣú, ní iye tí télọ̀ àti ìyá olóúnjẹ lè san.