Kí Ẹ Tó Fi Bẹ́tà Sórí Kọ̀ǹpútà Tí Àpilẹ̀kọ Yín Wà

Bí ìròyìn Windows tuntun tàbí macOS tuntun bá ti jáde báyìí, àwọn kan nínú wa kì í lè sùn mọ́. Bẹ́tà ni wọ́n ń wá, ìyẹn ẹ̀dà tí ilé-iṣẹ́ ṣì ń dán wò, tí wọn ò tíì fọwọ́ sọ̀yà pé ó pé. Mi ò bá wọn wí. Ó dùn kéèyàn kọ́kọ́ rí ohun tí aráyé ò tíì rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: orí kọ̀ǹpútà wo lẹ fẹ́ gbé e sí?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù ni pé kọ̀ǹpútà lè máa dákú. Ìyẹn kéré. Tó bá dákú, ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Ọ̀nà àbọ̀ ló le. Lórí Mac, ẹni tó bá fẹ́ padà sí ẹ̀dà àtijọ́ ní láti nu gbogbo ohun tó wà lórí dísíkì rẹ̀ ná. Lórí Windows, ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ sábà máa ń ní láti sọ pé ẹ ò ṣe mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, nínù náà ló kù. Fáìlì tí wọ́n fi ń gbé Windows 11 sórí kọ̀ǹpútà ju 5 GB lọ. Ẹni tó ń ra dátà mọ ohun tí mò ń sọ, ká má tíì dé orí iná tó lè lọ nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì.

Ẹlòmíì á ní òun ti ṣe bákọ́ọ̀pù. Ó dáa, ìgbà wo lẹ ṣe é? Èyí tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn tí bẹ́tà ti wọlé lè má wúlò fún ẹ̀dà àtijọ́. Bọ́rọ̀ iPhone ṣe rí nìyẹn: bákọ́ọ̀pù orí bẹ́tà iOS kì í wọ orí iOS tó ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún 2018 ni mo fi máa ń ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, Microsoft gbé àtúnṣe ńlá kan jáde fún Windows 10. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dá a dúró, torí fáìlì àwọn kan ń pòórá. Àwọn tó kàn ni àwọn tó ti darí fódà bíi Documents lọ síbòmíràn, bóyá láti C sí D, tí fáìlì sì ṣẹ́ kù sí ti àtijọ́. (Mélòó nínú wa ni kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí C kún?) Fódà òfìfo ni Microsoft fẹ́ palẹ̀ mọ́; àtúnṣe náà pa èyí tí nǹkan wà nínú rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú. Ó di ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó tún un gbé jáde.

Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn kan lára àwọn tó ń dán an wò ti rí i. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú Feedback Hub kó tó jáde, ṣùgbọ́n ẹjọ́ wọn sọnù sáàárín ọ̀pọ̀ ẹjọ́ mìíràn. Iṣẹ́ ẹni tó ń lo bẹ́tà nìyẹn: òun ni wọ́n fi ń wo bí omi ṣe jìn tó. Fáìlì tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ kí tèmi àti tiyín má baà lọ, bí wọ́n bá tiẹ̀ ka ohun tó kọ.

Fún àwa tí à ń kọ àpilẹ̀kọ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kíbọọ̀dù tún wà ńlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń lo èyí tí ẹlòmíràn ṣe fún ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Bí bẹ́tà bá kọ̀ ọ́, ẹni tó ṣe é lè má dá a lóhùn títí ẹ̀dà gidi fi máa jáde. Ṣé ẹ wá fẹ́ kó ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ tí gbogbo wọn ti di «oko» lọ bá alábòójútó yín?

Bó bá ṣì ń wù yín, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó wà nílé ni kẹ́ ẹ lò. Ẹni tí kò ní lè lo VirtualBox, tó máa ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni bẹ́tà á ti ṣe wàhálà rẹ̀. Àmọ́ tí RAM yín bá jẹ́ 4 GB, á kérora. Lọ́nà méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ da àpilẹ̀kọ sórí fláàṣì, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ yín.

Àbí kẹ́ ẹ ní sùúrù. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ẹ̀dà ìdánwò àkọ́kọ́ ti Windows 11 jáde. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ni ti gbogbo ayé dé. Oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ kan ni.