Òṣùwọ̀n Ẹ̀kọ́ Kan fún Gbogbo Ọmọ Nàìjíríà



Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Àṣẹ kan ṣoṣo, láti Sókótó dé Rumuokwurushi wa níhìn-ín.

A kò kórìíra òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Port Harcourt láàárín ọdún yóò bá ẹ̀kọ́ kan náà pàdé ní kíláàsì tuntun. Ìwé ẹ̀rí WAEC, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, ní iyì kan náà ní Èkó àti ní Kánò. Ọmọ tálákà ni èyí ń ṣe lóore jù, nítorí olówó kì í ṣaláì rí ọ̀nà mìíràn gbà.

Ṣùgbọ́n ìdánwò kan náà kò sọ wá di ọgbọọgba. Ní ọdún 2013, ọmọ Anambra nílò máàkì 139 kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíràmà ìjọba àpapọ̀. 4 péré ni ọmọkùnrin Zamfara nílò. Wọn kò fẹ́ kí apá kan rẹ̀yìn, èyí kò burú. Àmọ́ máàkì kì í kọ́ ilé ẹ̀kọ́, kì í sì í san owó oṣù olùkọ́.

Lórí èdè ni ọkàn wa ti wúwo jù. Mínísítà ní àwọn agbègbè tí ó ń fi èdè abínibí kọ́ni ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò: ọmọ tí ó jókòó ṣe WAEC ní ọdún 2025 ti jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà ọdún 2022 tó dé. Báwo ni ìlànà náà ṣe lè ba tirẹ̀ jẹ́? Adamu Adamu tí ó kéde rẹ̀ nígbà náà pàápàá sọ pé ó di ìgbà tí ìwé àti olùkọ́ bá wà kí ó tó lè múlẹ̀ pátápátá.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tí ó gbọ́ ọ dáadáa ni ó sì ń kọ́ ọ. Wọ́n tẹ ìwé fún wọn, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì dínkù.

Ẹnìkan yóò béèrè pé, ní Rumuokwurushi, èdè ta ni? Ọmọ Ikwerre, Ogoni, Ijaw, Ìgbò àti Yorùbá jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ìbéèrè gidi ni. Síbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Rivers yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kay Williamson àti àwọn mìíràn ti ṣe ìwé kíkà fún àwọn ọmọ ní èdè tí ó lé ní ogún, nínú iṣẹ́ tí a ń pè ní Rivers Readers Project. Bí ọmọ Yorùbá bá sì gbọ́ Ikwerre, èdè àwọn tí ó gbà á lálejò, kí ni ó pàdánù?

Póòpù Pius Kọkànlá kọ́ wa ní ọdún 1931 pé kò tọ́ kí ẹgbẹ́ ńlá gba iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kékeré lè ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tiwa, kí Abuja pinnu ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ mọ̀ nínú ìṣirò àti ìwé kíkà, kí ó sì gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Èdè tí a ó fi mú un débẹ̀, kí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ ọmọ náà. Bí ẹ bá lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní sáà tí ń bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bóyá olùkọ́ èdè kan ṣoṣo ṣì kù níbẹ̀.