Agbo ilé alámọ̀ táwọn òyìnbó ń sanwó wò l'Amẹ́ríkà

Ká ní wọ́n sọ fún bàbá àgbàlagbà kan lábúlé pé àwọn òyìnbó ń sanwó kí wọ́n tó lè wo ilé alámọ̀ tí wọ́n fi koríko bò lórí, ẹ̀rín ni bàbá náà á kọ́kọ́ rín. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn nílùú Staunton, ní ìpínlẹ̀ Virginia, l'Amẹ́ríkà.

Frontier Culture Museum lorúkọ ibẹ̀, ọdún 1988 ni wọ́n ṣí i. Kì í ṣe irú mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń to nǹkan sínú gíláàsì, tí wọ́n á ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o. Oko gidi ni, tòun tàgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á wọ aṣọ ayé àtijọ́, wọ́n á máa fi irun àgùntàn ran òwú, wọ́n á máa figi dáná, alágbẹ̀dẹ á máa lurin. Béèyàn bá bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ lọ, wọ́n á máa dá a lóhùn.

Báwọn tó wá tẹ àdúgbò náà dó láyé ọjọ́un ṣe gbé ayé ni wọ́n ń fi hàn. Kì í kúkú ṣe pé ilẹ̀ náà ṣófo tẹ́lẹ̀, àwọn onílẹ̀ gan-an wà níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ní àyè tiwọn nínú ọgbà náà. Wọ́n lọ sí Worcestershire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tyrone ní Ireland àti Hördt ní Jámánì, wọ́n tú ilé àgbẹ̀ àtijọ́ palẹ̀, wọ́n kó o sọ́kọ̀, wọ́n tún un tò ní Virginia. Tàwọn Ìgbò ni kò ṣeé kó. Ta ló fẹ́ gbé ògiri alámọ̀ la òkun já? Ńṣe ni wọ́n mọ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀: ilé baálé, ilé àwọn ìyàwó, ibi tí wọ́n ń so iṣu mọ́ igi.

Àmọ́ ọ̀nà táwọn tó ń gbé irú ilé wọ̀nyí gbà dé Virginia kò jọra. Àwọn tálákà Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì tí wọn ò rówó ọkọ̀ san, ọ̀pọ̀ wọn fi ara wọn ṣe ìwọ̀fà ni. Bí ọdún mélòó kan bá ti pé, ó parí, wọ́n á lọ wá ilẹ̀ tiwọn. Àwọn Ìgbò tí wọ́n kó gba Bonny àti Calabar ńkọ́? Ta ló bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ lọ? Oko tábà ni wọ́n dà wọ́n sí, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n lè san gbèsè ọ̀hún tán, nítorí wọn ò jẹ gbèsè kankan. Lọ́dún 1662, Virginia ṣòfin pé ipò tí ìyá bá wà lọmọ rẹ̀ máa wà. Ẹrú bímọ, ẹrú lọmọ. Ó di 1865 kí oko ẹrú tó dópin níbẹ̀.

Ó lè bí ẹlòmíì nínú pé wọ́n kó ẹni tí wọ́n jí gbé pọ̀ mọ́ ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ agbo ilé Ìgbò yẹn kúrò, irọ́ ni gbogbo ìyókù á dà.

Ẹni tó bá ń bèèrè pé àwọn Yorùbá dà, Brazil àti Cuba ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa lọ, àwọn ọdún 1800 síwájú ló sì gbóná jù. Àwọn Ìgbò ló pọ̀ ní Virginia. Okra táwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ilá pàápàá, látẹnu Ìgbò ló ti wá.

Lápá kejì ọgbà náà làwọn ilé tí wọ́n wá kọ́ ní Virginia fúnra rẹ̀ wà, látorí ahéré onígi ti nǹkan bí ọdún 1740 títí dé ilé àgbẹ̀ ńlá ti nǹkan bí 1850. Kẹ́ni tó bá ń lọ wọ bàtà tó rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ìrìn ibẹ̀ pọ̀.