Agbègbè Adágún Chad: Ẹ̀rí Ilẹ̀ àti Ẹ̀rí Ọwọ́ Ènìyàn

Fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún, ìtàn agbègbè Adágún Chad kò sí nínú ìwé kankan. Inú ilẹ̀ ni ó wà. Ẹ̀ka ìmọ̀ méjì ni ó ń tú u síta: ìmọ̀ ìrísí ilẹ̀, tí ó ń wádìí bí omi àti afẹ́fẹ́ ṣe mọ ilẹ̀, àti ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, tí ó ń wádìí ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀.

Òkè yanrìn gbọọrọ kan, Òkè Bama, gba Maiduguri àti Bama kọjá. Ìgbì omi ni ó kó yanrìn náà jọ. Èyí fi hàn pé etí adágún ìgbàanì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé adágún òde òní jìnnà sí Maiduguri ju 100 kìlómítà lọ. Ní ìhà inú òkè náà ni ilẹ̀ amọ̀ dúdú tí à ń pè ní firki tẹ́ pẹrẹsẹ sí: ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni tẹ́lẹ̀.

Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní Ìpínlẹ̀ Yobe, ọwọ́ rẹ̀ sì ba ọkọ̀ ojú omi tí a fi odindi igi gbẹ́. Ó gùn ju mítà 8 lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Òun ni ó pẹ́ jù nínú àwọn ọkọ̀ omi tí a tíì rí ní Áfíríkà. Nítorí náà, àwọn ènìyàn ti ń tukọ̀ níbẹ̀ nígbà tí omi ṣì pọ̀.

Ní nǹkan bí 1800 ṣáájú ìbí Krístì, àwọn adáranmálùú tẹ̀dó sí Gajiganna, ní àárín ibi tí omi ti bò rí. Ilé wọn jẹ́rìí pé omi ti fà sẹ́yìn kí wọ́n tó dé. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin jéró. Ní Daima, lórí ilẹ̀ firki, Graham Connah wa òkìtì ahoro kan ní àwọn ọdún 1960. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, òkúta àti egungun ni ohun èlò. Irin hàn ní àwọn ìpele òkè.

Ẹ̀rí méjèèjì ní láti para pọ̀. Ilẹ̀ ń sọ ibi tí omi dé. Àpáàdì, èédú àti egungun ń sọ ìgbà tí ènìyàn dé àti ohun tí wọ́n jẹ.

Láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1980, adágún náà tún sún kì púpọ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn a máa tẹ̀lé omi lọ sí ilẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Lónìí, orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni ó pín etí adágún náà, ẹlòmíràn sì ti ń gbé níbi tí omi fà sí.