Ogun Kó Òkè-Ọ̀dàn: Ta Ló Kọ Orin Ẹni Tí Wọ́n Kó?

Ní 1848 ni ogun Gezo, ọba Dàhòmì, kó Òkè-Ọ̀dàn. Ọmọbìnrin kékeré kan, Àìná, wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ní 1850, Gezo fi í ta Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ. Àìná yìí ni ayé wá mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta. Forbes tẹ ìwé jáde ní 1851, ó sì kọ orin tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, tọkùnrin tobìnrin, kọ níwájú ọba wọn sínú rẹ̀: wọ́n ń fọ́nnu, wọ́n ń lérí pé Abẹ́òkúta ló kàn. Ohùn ẹni tó ṣẹ́gun ló tètè wọ ìwé. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó tọ́ sí akéwì lẹ́yìn ogun ni kí ó jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹni tí wọ́n kó nílé.

Ẹnìkan lè ní akéwì gan-an ló ń dáná ogun. Kò purọ́. Ìlù àti oríkì ni wọ́n fi ń mú ọkàn jagunjagun le. Ṣùgbọ́n oríkì orílẹ̀ kì í bo ìṣubú mọ́lẹ̀: ẹni tí wọ́n pa, ilé tó jó, ọmọ tí kò padà, gbogbo rẹ̀ ni àwọn ìyá ilé ń kì, títí kan ìtìjú. Ẹ wo ogun Bìáfírà náà. Akéwì Christopher Okigbo gbé ìbọn fún Bìáfírà, ó sì kú sójú ogun ní 1967. Wọlé Ṣóyínká kọ ewì látinú túbú. J. P. Clark, ọ̀rẹ́ Okigbo, wà níhà ìjọba àpapọ̀, síbẹ̀ ìwé rẹ̀, Casualties, tó jáde ní 1970, ṣọ̀fọ̀ àwọn tó wà lódì kejì, kò sì yọ àwa tó yè sílẹ̀ nínú àwọn tí ogun ṣe léṣe. Òun ni mo fara mọ́ jù.

Àwọn òpìtàn a máa ní ewì kì í ṣe ẹ̀rí, pé kì í dá ọdún, pé ó ń bù mọ́ ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 1848 nìkan kò lè sọ bí ìyá ṣe ń wá ọmọ rẹ̀ kiri inú igbó. Ilẹ̀ Yewa, níbi tí Òkè-Ọ̀dàn wà, sì ní ẹni tó lè sọ ọ́: Ẹ̀fẹ̀, tó ń kọrin lóru láàárín ọjà kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lójúmọmọ, tó ń bá ọba àti ìjòyè wí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìyà jẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ìlaròó, Ayétòrò àti Òkè-Ọ̀dàn, ẹ gba ohùn àwọn àgbà tó mọ orin àti oríkì wọ̀nyí sórí fóònù yín lọ́dún yìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.